Ọmọ àgbẹ̀ tó sọ kóńdẹ̀ǹmù ogun di ọlà: Ìtàn ayé Ferruccio Lamborghini

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Sàngó Ọ̀tà. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń dà mí láàmú. Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mò ń retí, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ lẹ àwòrán Lamborghini mọ́ ara àpótí sípánà rẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Lamborghini. Ó ní orúkọ ọkọ̀ ni, pé àwọn olórin tó lówó ló ń gùn ún. Nígbà tí mo sọ fún un pé orúkọ èèyàn ni, pé mẹkáníìkì bíi tiẹ̀ lonítọ̀hún, pé katakata ló sì kọ́kọ́ ń ṣe tà, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń bá òun ṣeré ni.

Mi ò ṣeré o. Mo ṣèlérí fún un lọ́jọ́ náà pé màá kọ ìtàn yẹn síbí, kó lè kà á lórí fóònù rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe torí tiẹ̀ nìkan ni mo fi ń kọ ọ́. Èmi náà ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nípa ọkọ̀ àtijọ́. Màá dé ibẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó mú sípánà

Ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 1916 ni wọ́n bí Ferruccio Lamborghini ní Renazzo, abúlé kan lẹ́bàá ìlú Cento, ní àríwá ilẹ̀ Ítálì. Àgbẹ̀ ni Antonio bàbá rẹ̀ àti Evelina ìyá rẹ̀. Èso àjàrà ni wọ́n ń gbìn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílé àgbẹ̀: ọmọ tó bá ti lè rìn, oko ti rí olùrànlọ́wọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wu ọmọ yìí kò sí nínú ebè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń túlẹ̀ ló máa ń wò, kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń tú. Nígbà tó yá, ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní agbègbè Bologna, ìlú ńlá tó wà nítòsí wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí ìwé bá ti sú ni wọ́n sábà máa ń fà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, bí ẹni ń fìyà jẹ ẹ́. Ní ti Ferruccio, òun ló yan iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì fi ọkàn kọ́ ọ. Gbogbo ohun tó dé lẹ́yìn ìyẹn, orí ìpìlẹ̀ yẹn ló dúró lé.

Ní 1940, ogun àgbáyé kejì ti ń jà, wọ́n sì mú un wọ iṣẹ́ ológun òfuurufú ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n gbé e lọ sí Rhodes, erékùṣù kan nínú òkun àwọn Gíríìkì tó wà lábẹ́ Ítálì nígbà náà. Wọn ò fi í sí ìdí ọkọ̀ òfuurufú rárá. Ọgbà mọ́tò ni wọ́n fi í sí, òun ló sì ń bójú tó àtúnṣe ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun.

Ẹ wá rò ó wò. Erékùṣù ni, ogun ń lọ lọ́wọ́, ta ni yóò gbé sípéà pátì kọjá òkun wá fún yín? Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ máa yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó ti kú, tàbí kí ẹ jókòó kí ẹ rọ ọ́. Níbẹ̀ ni Ferruccio ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi èyí tó wà ṣe èyí tí kò sí. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà, wọ́n sì mú un ní ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ọdún 1946 ló tó padà sílé.

Lọ́rì ogun di katakata

Ítálì tó padà sí ti fọ́. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ dáko, ebi wà nílùú, ṣùgbọ́n kò sí katakata, kò sì sí owó tí wọn yóò fi ra tuntun. Ohun kan ṣoṣo tó pọ̀ ni ẹrù ogun tí àwọn sójà fi sílẹ̀. Lọ́rì, ẹ́ńjìnnì, gíà, táyà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dípẹtà. Lójú ẹlòmíì, kóńdẹ̀ǹmù ni. Lójú ẹni tó ti ṣe mẹkáníìkì ní Rhodes, ọjà ni.

Ferruccio ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pieve di Cento, kò jìnnà sí abúlé wọn. Ó ń ra àwọn ọkọ̀ ogun wọ̀nyẹn, ó ń tú wọn palẹ̀, ó sì ń to katakata jáde lára wọn. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì Morris ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ pẹtiróòlù ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń mu, pẹtiróòlù sì wọ́n bí ojú. Ló bá ṣe ohun èlò kan sí i, tó jẹ́ pé pẹtiróòlù ni katakata náà yóò fi jí, tó bá ti gbóná tán, yóò wá máa fi dísù ṣiṣẹ́, torí dísù ò wọ́n tó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣírò owó epo jẹnẹrétọ̀ láti ọdún yìí wá, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn tó létí àgbẹ̀. Carioca ni wọ́n ń pe katakata náà. Ní 1948, ó dá ilé iṣẹ́ Lamborghini Trattori sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò dá wá. Ní 1947, Clelia Monti ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó ń bí Tonino ọmọkùnrin wọn. Ọmọ yè, ìyá lọ. Àsìkò tí iṣẹ́ ń gbérí gan-an ni ọkùnrin yìí ń sin ìyàwó, ó sì ń tọ́ ìkókó. Àwọn tó ń kọrin nípa Lamborghini lónìí kì í rántí apá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eré sísá náà wà níbẹ̀. Ní 1948 kan náà, ó tún Fiat Topolino kékeré kan ṣe, ó sì fi wọ Mille Miglia, ìdíje ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní Ítálì láyé ìgbà yẹn. Kò parí eré. Ara ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá títì ní Fiano ló forí ọkọ̀ sọ. Láti ìgbà yẹn, ìdíje eré ọkọ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ náwó lé e lórí nígbà tó di olówó.

Kílọ́ọ̀ṣì tó dá ìjà sílẹ̀

Katakata tà. Kó tó di 1960, orúkọ Lamborghini ti wà lára àwọn ilé iṣẹ́ katakata tó lórúkọ jù ní Ítálì. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù. Owó dé, ọkùnrin náà sì mọ owó ná. Ó ra Alfa Romeo, ó ra Lancia, ó ra Mercedes, ó ra Jaguar, ó ra Maserati. Ó wá ra Ferrari.

Ferrari 250 GT ni, àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ. Yóò gbé e lọ sí Maranello, níbi tí ilé iṣẹ́ Ferrari wà, wọ́n á tún un ṣe, yóò tún jẹ. Èyí tó wá ń bí i nínú jù ni pé wọn kì í jẹ́ kó wo bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ọkùnrin tó ti ń ti ọwọ́ bọ epo ẹ́ńjìnnì láti kékeré, wọ́n ní kó jókòó síta! Nígbẹ̀yìn, ó gbé ọkọ̀ náà wá sí ọgbà tirẹ̀, wọ́n sì tú u palẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ títí ó fi darúgbó, kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí irú èyí tó ń lò lára katakata rẹ̀.

Ó lọ bá Enzo Ferrari láti fẹjọ́ sùn. Ó ní Ferrari dá òun lóhùn pé kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ náà, pé awakọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n wà, kí òun máa lọ wa katakata òun. Ẹnu Ferruccio nìkan la ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣe lọ, ẹ sì mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tó dájú ni pé ó fi ìbínú yẹn ṣe nǹkan.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìjà yẹn gba gbogbo ọkàn yín. Ìbínú nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé iṣẹ́, oníṣòwò sì ni ọkùnrin yìí. Ó ti rí i pé ohun kan náà tí òun ń tà fún àgbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lé e tó bá ti wọ inú ọkọ̀ olówó. Ó sì gbà pé ọkọ̀ lè máa sáré bí àṣá, kó má sì máa dààmú ẹni tó ni ín.

Bíríkì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ní 1963, ó kọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tuntun sí Sant'Agata Bolognese. Àwọn ọ̀dọ́ ló kó jọ. Giotto Bizzarrini, tó ti ṣiṣẹ́ fún Ferrari rí, ló ṣe ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà 12 fún un. Giampaolo Dallara àti Paolo Stanzani, àwọn ẹnjiníà rẹ̀, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bob Wallace, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ló ń wa àwọn ọkọ̀ náà wò kí wọ́n tó jáde.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́, 350 GTV, ni wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ọkọ̀ ní Turin lọ́dún náà. Nígbà tí ọjọ́ kò, wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnnì ò wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kó bíríkì sí i kí ọkọ̀ lè jókòó dáadáa, wọ́n sì rí i dájú pé kò sẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ́n oníṣòwò ò yàtọ̀ láti Turin dé Sàngó! Àmọ́ wọn ò fi bíríkì tà á fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n padà sílé, wọ́n tún un ṣe, nígbà tó sì di 1964, 350 GT jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì gidi. Mẹ́tàlá péré ni wọ́n ṣe lọ́dún náà.

Èyí tó sọ orúkọ rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Miura. Àwọn ọmọdé inú ilé iṣẹ́ yẹn ló gbé e kalẹ̀: ẹ́ńjìnnì ńlá náà, kó wà lẹ́yìn awakọ̀, kó sì dùbúlẹ̀ níbùú. Ọ̀gá kò kọ́kọ́ gbà, torí ó rò pé ọkọ̀ eré ìdíje ni wọ́n fẹ́ yọ́ gbé wọlé fún òun. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n ṣe é, ó kéré tán yóò polówó àwọn yòókù. Ní Turin lọ́dún 1965, egungun ọkọ̀ lásán ni wọ́n gbé jáde, kò ní bọ́dì, síbẹ̀ àwọn èèyàn ti ń béèrè bí wọn yóò ṣe rà á. Marcello Gandini, ọmọ ọdún 27 tó ń ṣiṣẹ́ fún Bertone, ló ya bọ́dì rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1966, wọ́n ṣí aṣọ lórí rẹ̀ ní Geneva. Ó lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, ó sì fẹ̀, àfi bí ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ nǹkan. Orúkọ ìdílé kan tó ń sin akọ màlúù ìjà ní Sípéènì ni wọ́n fún un. Akọ màlúù náà ni Ferruccio fi ṣe àmì ilé iṣẹ́ rẹ̀, torí ìràwọ̀ màlúù ni wọ́n bí i sí.

Mo fẹ́ràn láti máa sọ àléébù Miura náà, torí ibẹ̀ ni ìtàn ti máa ń ṣe é gbàgbọ́. Ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ ń lo ọ́ìlì kan náà pọ̀. Tí gíà bá ń jẹ, ìdọ̀tí irin rẹ̀ lè bá ọ́ìlì lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Tó bá dúró sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pẹtiróòlù lè gbára jọ sínú kábúrétọ̀, kó sì gbiná. Miura tó ti jóná kì í ṣe ọ̀kan kì í ṣe méjì. Títí wọ́n fi dá a dúró ní 1973, gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò tó 800.

Ó tà á, ó sì padà sóko

Owó katakata ló ń gbé ọkọ̀ olówó ró, katakata náà ló sì kọ́kọ́ yẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sókè, ìjọba tuntun gorí àlééfà ní Bolivia lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba, ó sì fagi lé katakata rẹpẹtẹ tí ìjọba àná ti ní kí wọ́n ṣe. Àwọn oníbàárà ní South Africa náà yọwọ́. Nílé, ìyanṣẹ́lódì ò dáwọ́ dúró. Ilé iṣẹ́ SAME ra katakata lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1972, ó ta ìdajì-ó-lé-díẹ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fún Georges-Henri Rossetti, ọmọ Switzerland. Ní 1974, ó ta ìyókù fún ọ̀rẹ́ Rossetti. Ọdún 11 péré lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, kò ní kọ́bọ̀ mọ́ nínú ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ilẹ̀ wa nìyí. Ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè títí ó fi wó ní 1978. Ta ló wá gbé e dìde? Àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Jean-Claude àti Patrick Mimran. Ní Senegal, nídìí ṣúgà àti ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun, ni ìdílé wọn ti lówó. Àwọn ló mú un láti 1980 títí di 1987 tí wọ́n tà á fún Chrysler ti Amẹ́ríkà. Ṣé ẹ rí i? Búrẹ́dì àti ṣúgà tí àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rà lówó wọn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí orúkọ Lamborghini parẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà míì tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ò kàn wá.

Ferruccio fúnra rẹ̀ ti padà sídìí ohun tó sá fún ní kékeré. Ó ra ilẹ̀ ní Panicarola, lẹ́bàá adágún Trasimeno, ó sì ń gbin àjàrà bíi ti bàbá rẹ̀. Ó ń fi pọn wáìnì tà, ó sì ń fi orúkọ Miura polówó rẹ̀. Ọjọ́ 20, oṣù kejì, ọdún 1993 ló kú ní Perugia, lẹ́ni ọdún 76. Títí dòní, katakata Lamborghini ṣì ń túlẹ̀ káàkiri ayé.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti ohun tí à ń ṣe níbí

Ní 2015, ilé iṣẹ́ Lamborghini ní Sant'Agata, tó ti wà lọ́wọ́ Audi láti 1998, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Polo Storico. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ọ̀tun. Wọ́n kó ìwé àti àwòrán iṣẹ́ àtijọ́ jọ. Bí ẹnìkan bá gbé Miura tó ti dípẹtà wá, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìwé wò, bóyá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti egungun ọkọ̀ bá ara mu, bóyá ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ ni èyí tó gbé kúrò nílé iṣẹ́. Wọ́n á wá tú u kanlẹ̀. Ohun tí wọ́n bá lè tún ṣe, wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí kò bá sí mọ́, wọ́n á rọ ọ́. Lónìí, Miura kan tó pé pérépéré lè tó mílíọ̀nù dọ́là, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin rẹ̀ ò yí padà di wúrà o. Ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló ń bẹ lára rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi wá nìyí. Bàbá mi fi Peugeot 504 kan sílẹ̀, lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ó wà lẹ́yìnkùlé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ra kóńdẹ̀ǹmù kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn, mo sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Wọ́n fi iná gé e sí wẹ́wẹ́ níṣojú mi. Ẹ mọ ibi tí irú irin bẹ́ẹ̀ ń lọ lágbègbè wa: ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ ọ di irin ìkọ́lé. Owó tí mo gbà kò tó ra táyà méjì.

Nígbà tí mo sọ fún mẹkáníìkì mi, kò bá mi wí. Ó kàn bi mí léèrè bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń yí. Mo ní mi ò mọ̀. Ìdáhùn yẹn ló ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní iṣẹ́, mo ní fóònù, mo mọ mẹkáníìkì tó mọ 504 bí ẹni mọ owó, mo sì jẹ́ kí wọ́n gé e. Ọmọ Renazzo tó dé láti ojú ogun, tí kò ní nǹkan kan, kì bá ti kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ju ti ọkọ̀ lọ ni ti àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀gá yẹn sọ fún mi pé ọmọọṣẹ́ mẹ́fà lòun ní tẹ́lẹ̀, pé méjì péré ló kù. Àwọn yòókù ti lọ wa ọ̀kadà, àwọn kan ti lọ síbi tí kò fẹ́ dárúkọ. Bí àwọn méjì yìí náà bá lọ, tí ọ̀gá sì darúgbó, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti gbó ní Ọ̀tà yóò di irin ìkọ́lé, torí kò ní sí ẹni tó mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè fi í ṣe.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ tó lẹ Lamborghini mọ́ àpótí sípánà, ìtàn rẹ nìyí bí mo ṣe ṣèlérí. Mi ò sọ pé wàá ní ilé iṣẹ́ bíi tiẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé sípánà tó wà nínú àpótí yẹn gan-an lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Àti pé kílọ́ọ̀ṣì tó o ṣe fún mi lọ́jọ́ náà, kò tíì fọwọ́ kan mí láti ìgbà yẹn.

Ẹ̀yin yòókù tí ọkọ̀ bàbá yín ṣì wà lẹ́yìnkùlé, kẹ́ ẹ tó pe oníkóńdẹ̀ǹmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe mẹkáníìkì.